Ojúọlápé Job, Ìyá Aláró Tí Ó Fún Omi Nílẹ̀
(1932 sí 1998)

Ẹ̀yin ẹbí, ará àti ọ̀rẹ́ tí ẹ ti ọ̀nà jíjìn àti ìtòsí wá bá ìdílé Job kẹ́dùn, ẹ kú ẹsẹ̀ rìn, ẹ kú aájò. Kí a tó gbé ìyá wa lọ sí ibùsùn ìkẹyìn, ẹbí bẹ̀ yín kí ẹ fara balẹ̀ ka irú ẹni tí wọ́n jẹ́. A kò bù mọ́ ọn, a kò sì fi nǹkan kan pamọ́, nítorí Màmá fúnra wọn ni wọ́n pàṣẹ pé bí ọjọ́ bá pé, kí a sọ ìtàn àwọn bí ó ti rí gan-an, tòun ti ibi tí ó dùn wá nínú rẹ̀.

Ìlú Ẹ̀pẹ́, ní etí ọ̀sà, ni wọ́n bí Màmá Ojúọlápé Fàúsát Job sí ní ọdún 1932. Bàbá wọn ni Olóògbé Pa Dàwódù Òṣínọ́wọ̀, agbẹ́kọ̀ tí òkìkí rẹ̀ kàn láti Ẹ̀pẹ́ dé Èjìnrìn. Ìyá wọn ni Olóògbé Màmá Mọ́ríámọ̀, tí ń yan ẹja tà. Ìjẹ̀bú ni wọ́n tọ̀tún tòsì. Ọmọ mẹ́fà ni Màmá Mọ́ríámọ̀ bí, mẹ́rin kò dúró. Nígbà tí àbígbẹ̀yìn yìí dé tí ó sì ń mi, Pa Dàwódù gbé e, ó tẹjú mọ́ ọn títí, ó ní ojú ọlá ti pé wàyí. Bí orúkọ náà ṣe mọ́ wọn lórí nìyẹn. Lẹ́mọ́mù fi Fàúsát kún un ní ọjọ́ kẹjọ.

Ní ọdún 1939, wọ́n fi Màmá sí ilé-ìwé àwọn onígbàgbọ́ ní Ẹ̀pẹ́. Wọ́n kà á dé ìwé kẹta. Ní ọdún 1943, gẹdú kan tí Pa Dàwódù fẹ́ gbẹ́ yí lu ẹsẹ̀ rẹ̀, owó ilé-ìwé sì tán nínú ilé. Màmá kó síléètì wọn fún ẹlòmíràn, wọ́n gbé igbá ẹja. Ṣùgbọ́n wọ́n ti mọ Yorùbá kà, wọ́n mọ orúkọ wọn kọ, wọ́n sì mọ ohun kan tí ilé-ìwé kò kọ́ wọn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá wọn ní etí omi, wọ́n máa ń jókòó wo bí ọ̀sà ṣe ń wọlé, bí ó ṣe ń jáde. Pa Dàwódù a máa sọ fún wọn pé omi kì í gbàgbé ọ̀nà rẹ̀, ènìyàn ló ń gbàgbé.

Ní ọdún 1951, Màmá wá sí Agége lọ́dọ̀ àbúrò bàbá wọn obìnrin, tí ń ṣòwò obì. Nígbà náà, obì Agége ń ti ibùdókọ̀ rélùwéè lọ sí Kánò lápò-lápò. Níbi tí Màmá ti ń ṣa obì sápò ni wọ́n ti pàdé Ọ̀gbẹ́ni Ezekiel Job, ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde tí ń tọ́jú ojú irin. Aládùúrà ni Ọ̀gbẹ́ni Job, mùsùlùmí sì ni ilé Òṣínọ́wọ̀. Nígbà tí àwọn ẹbí ń kùn, Pa Dàwódù ní òun kì í bi ọkọ̀ tí òun bá gbẹ́ pé ta ni yóò wọ̀ ọ́, kìkì kí ó má rì ni. Wọ́n ṣe ìgbéyàwó ní ọdún 1955. Ọlọ́run fi ọmọ mẹ́rin ta wọ́n lọ́rẹ.

Ní ọdún 1963, Màmá wọ iṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ aṣọ kan ní Ìkẹjà, ní ẹ̀ka tí wọ́n ti ń pa aṣọ láró. Ibẹ̀ ni orúkọ Ìyá Aláró ti bẹ̀rẹ̀. Ọdún mẹ́rìnlélógún ni wọ́n lò níbẹ̀, tí èékánná wọn kò fi funfun rí.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dúró díẹ̀ lórí iṣẹ́ yìí, nítorí ohun ìyanu ni Ọlọ́run fi sínú rẹ̀. Gọ́tà kan wà lẹ́yìn ilé-iṣẹ́ náà tí omi aró ń gbà jáde. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá pa aṣọ ní búlúù, omi búlúù ni yóò máa ṣàn. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá pa á ní pupa, pupa ni. Ẹsẹ̀ ni Màmá fi ń rìn lọ sílé, omi náà sì ń bá wọn rìn. Ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ yòókù ń fo kọjá, Màmá ń wò ó. Wọ́n rí ibi tí búlúù ti yà kúrò ní ojú títì tí ẹnikẹ́ni kò rò pé yóò yà. Wọ́n rí ibi tí ó wọ abẹ́ fẹ́ǹsì ọgbà igò kan tí wọ́n ti ń ta igò àlòkù, wọ́n yí po, wọ́n rí ibi tí ó ti jáde. Bí òjò bá rọ̀, wọ́n á wo ibi tí àwọ̀ gùn dé lára ògiri ilé onílé. Ní ọdún 1968, kókósẹ̀ ló dé. Ní ọdún 1977, ó ti dé agbede-méjì ojúgun. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1985, orúnkún ni. Màmá kò kọ ọ́ sínú ìwé kankan, orí wọn ló wà. Wọ́n á ní òjò ayé ìsinsìnyí kì í rọ̀ mọ́, dídà ló ń dà, ilẹ̀ tó yẹ kó mu ún sì ti di símẹ́ǹtì.

Ní ọdún 1970, Pa Ezekiel Job ra púlọ́ọ̀tì mẹ́ta ní Ìsàlẹ̀-Àkùrọ̀, láàárín Ògbà àti Agége. Wọ́n kọ́ ilé wa sórí èyí tó wà lókè ní ọdún 1974. Wọn kò tí ì ṣe ohunkóhun sí méjì tó wà nísàlẹ̀ nígbà tí Pa Job dágbére fáyé ní ọdún 1979. Láti ọjọ́ náà, Màmá nìkan ló kù tí ń dá ẹrù ilé gbé. Wọn kò fẹ́ ọkọ mìíràn. Wọ́n ní àwọn ti rí ọkọ.

Nígbà tí Sáàpù, ètò ọrọ̀ ajé ìjọba ológun, dé, ẹ̀yin tí ẹ wà níbẹ̀ mọ bí ilé-iṣẹ́ ṣe ń tilẹ̀kùn ní Ìkẹjà bí ẹni ń pa fìtílà. Ní ọdún 1987, ó kan Màmá. Wọ́n fún wọn ní aago ògiri kan àti ìwé ìdúpẹ́. Màmá bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n fi agolo aró méjì tó ti dì gbagidi, tí wọ́n fẹ́ kó dà nù, kún un. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ilé-iṣẹ́ ike tí Yẹmí, àkọ́bí, ti ń ṣiṣẹ́ dá ìdajì àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ dúró. Yẹmí wà lára wọn, pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ méjì lọ́rùn.

Ibí ni ọ̀rọ̀ tó dùn wá wà. Yẹmí wá bá Màmá ní ọjọ́ Àìkú kan lẹ́yìn ìsìn.

Ó ní, “Màmá, púlọ́ọ̀tì méjì ló wà nílẹ̀ lásán yìí. Ẹ jẹ́ kí n kọ́ ṣọ́ọ̀bù mẹ́fà síbẹ̀. Ojú títì ò jìnnà. Mo fẹ́ rí nǹkan fi bọ́ àwọn ọmọ mi.”

Màmá ní, “Yẹmí, ibẹ̀ kì í ṣe ilẹ̀ lásán. Omi ló ń sùn níbẹ̀.”

“Omi wo, Màmá? Ilẹ̀ gbẹ fáú!”

“Ẹ̀ẹ̀rùn la wà. Bí òjò bá dé, gbogbo omi Ìkẹjà apá ibí yìí, ibẹ̀ ló ń bọ̀. Mo ti bá a rìn fọ́dún mẹ́rìnlélógún. Bó o bá gba ibùsùn ẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀, inú yàrá rẹ ni yóò wá sùn. Inú yàrá àwọn aládùúgbò náà sì ni.”

Yẹmí wo ìyá rẹ̀. Ó ní, “Ẹ fẹ́ràn omi ju ọmọ lọ.”

Màmá dìde, wọ́n wọlé lọ. Ṣùgbọ́n wọ́n sọ fún wa lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún pé ọ̀rọ̀ náà wọ àwọn lára ju ọjọ́ tí Pa Job kú lọ. Yẹmí kó ẹrù rẹ̀, ó lọ háyà yàrá kan ní òdì kejì ojú irin. Fún ọdún mẹ́ta, kò fi ẹsẹ̀ tẹ ẹnu ọ̀nà ìyá rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí a kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Màmá gbé ọkọ́. Lójoojúmọ́, ní ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta, wọ́n ń gbẹ́ ilẹ̀ ìsàlẹ̀ náà kí àárín rẹ̀ lè jìn sí i. Wọ́n gbin kókò sí ibi tó rọ̀ jù, ìrèké yí i ká, ọparun sí etí kí ilẹ̀ má bàa máa ya. Àwọn kan fẹ́ sọ ọ́ di ààtàn. Bí wọ́n bá da ìdọ̀tí síbẹ̀ lálẹ́, Màmá á kó o kúrò láàárọ̀ láìbú ẹnì kan. Alága ẹgbẹ́ onílé wa, Alhaji Suara, tí ó jókòó pẹ̀lú wa lónìí tí ó sì ti fún wa láyè láti sọ ọ́, a máa kí wọn tẹ̀rín-tẹ̀rín pé, “Ìyá Aláró, ẹ ta ilẹ̀ yìí kẹ́ ẹ jayé. Ṣé àkèré lẹ fẹ́ fi ṣe ayálégbé ni?” Màmá á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní àkèré kì í jẹ owó ilé.

Ní ọdún 1989, ìjọba rán ẹnjiníà kan wá láti Aláúsá láti la gọ́tà tuntun sí àdúgbò wa. Ẹnjiníà Ùsmán ni, ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò tí ì pé ọgbọ̀n ọdún, tó mọṣẹ́, tó sì ní ọ̀wọ̀ fún àgbà. Ìwé tí wọ́n fún un fi hàn pé ojú títì ni omi ń gbà. Àwọn onílé pé jọ, inú wọn dùn. Màmá dìde láàárín èrò.

“Ọmọ mi, ìwé yẹn ò purọ́, ṣùgbọ́n kò mọ ilé. Omi kì í gba iwájú. Ẹ̀yìn ló ń gbà.”

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ẹnjiníà Ùsmán kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Màmá, báwo lẹ ṣe mọ̀?”

Màmá ní kí wọ́n dúró de àwọn. Wọ́n wọlé, wọ́n gbé agolo aró kan jáde, wọ́n fi ọmọrí odó fọ́ ọ, wọ́n pò ó sínú gáráwá omi. Wọ́n ní kí àwọn ọ̀dọ́ gbé ogún gáráwá omi tẹ̀ lé àwọn lọ sí òkè àdúgbò, níbi tí gọ́tà àtijọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n da aró náà, wọ́n ní kí wọ́n máa da omi lé e lórí.

Ẹ̀yin tí ẹ wà níbẹ̀ kò lè gbàgbé. Búlúù náà sáré wá sí ojú títì bí ìwé ìjọba ti wí, gbogbo ènìyàn sì kígbe. Ṣùgbọ́n níwájú ilé Alhaji Suara gan-an, ó dúró bí ẹni tí ń ronú, ó yí ọrùn, ó wọ kọ̀rọ̀ kan tí kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Èrò ń sáré tẹ̀ lé e. Ó wọ abẹ́ fẹ́ǹsì ọgbà igò. Màmá kò sáré. Wọ́n gba ọ̀nà ẹ̀yìn, wọ́n lọ dúró ní etí ilẹ̀ wọn, wọ́n káwọ́ lẹ́yìn. Nígbà tí èrò yí po dé ibẹ̀, omi búlúù ń yọ díẹ̀díẹ̀ láàárín koríko, ní iwájú ẹsẹ̀ Màmá, ó ń lọ sí ibi kókò bí ọmọ tó mọ ilé bàbá rẹ̀.

Alhaji Suara ló kọ́kọ́ ṣí fìlà. Ẹnjiníà Ùsmán bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ki ìka bọ omi náà, ó wò ó. Ó ní, “Màmá, ilé-ìwé wo lẹ ti kọ́ èyí?”

Màmá ní, “Ọ̀nà ibi iṣẹ́ sí ilé ni.”

Ẹnjiníà náà fa ìlà sórí ìwé rẹ̀, ó kọ tuntun. Ó gba tó oṣù mẹ́jọ kí wọ́n tó fọwọ́ sí i ní Aláúsá, ṣùgbọ́n wọ́n fọwọ́ sí i. Ní ọdún 1990, wọ́n la gọ́tà náà gba ẹ̀yìn, wọ́n sì fẹ́ ri pàìpù sí abẹ́ títì kí omi lè wọ ilẹ̀ Màmá wọ́ọ́rọ́wọ́. Nígbà tí kọngílá kó pàìpù dé, Màmá dùbúlẹ̀ lórí iyanrìn tìró-tìró, wọ́n fẹ́ ki orí bọ̀ ọ́. Kò gba gèlè wọn. Wọ́n dìde, wọ́n gbọn ara, wọ́n ní, “Èyí ò gba orí mi, òjò ọdún mẹ́wàá sí i ni yóò wá gbà?” Kọngílá bínú. Ẹnjiníà Ùsmán ní kí ó lọ pààrọ̀ rẹ̀. Èyí tó kó dé lẹ́yìn náà, ọmọ ọdún mẹ́wàá lè nàró nínú rẹ̀.

Ní oṣù Keje ọdún 1991 ni òjò náà dé. Kí wọ́n tó pe ìrun àṣùbáà ló ti bẹ̀rẹ̀. Títí di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, kò dá. Kì í ṣe òjò tí ènìyàn lè gbọ́ ìró kíkán rẹ̀. Bí ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin ń kọjá lórí òrùlé ni. Láti gbogbo àdúgbò tó yí wa ká ni a ti ń gbọ́ igbe. Àga, ìkòkò, ẹran ọ̀sìn, gbogbo rẹ̀ ń léfòó lọ. Ní Ìsàlẹ̀-Àkùrọ̀, omi kún gọ́tà dé ẹnu, ó ń ké, ó ń sáré, ṣùgbọ́n ó ń lọ síbi tó ń lọ.

Ní nǹkan bí ọ̀sán gangan, ọmọ mú Munirat, aránṣọ tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa. Ọmọ náà fẹ́ fi ẹsẹ̀ wáyé. Agbẹ̀bí ní àfi ilé ìwòsàn. Kàsúmù ọkọ rẹ̀ gbé e sínú Dátsùn wọn, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà á, kò rí ojú ọ̀nà. Màmá mú ọ̀pá ọparun kan, wọ́n ká ìró sókè, wọ́n bọ́ síwájú ọkọ̀. Wọ́n ń fi ọ̀pá tẹ ilẹ̀ wò, wọ́n ń rìn, ọkọ̀ ń rá tẹ̀ lé wọn, láti ẹnu ọ̀nà Munirat títí dé títì ńlá. Omi kò ju kókósẹ̀ wọn lọ ní gbogbo ọ̀nà yẹn, ní ọjọ́ tí ó ń mu àwọn àgbàlagbà dé àyà lẹ́yìn ojú irin. Munirat bí ọmọbìnrin kan kí ilẹ̀ tó ṣú. Nusrat ni wọ́n sọ ọ́.

Ní aago mẹ́ta, Yẹmí yọ. Ọmọ kékeré wà lọ́rùn rẹ̀, ó di èkejì lọ́wọ́ mú, ìyàwó rẹ̀ ru ìdì aṣọ tó rin gbingbin. Omi ti gba yàrá tí wọ́n háyà, ó gbé bẹ́ẹ̀dì kọ́ àjà. Kò mọ ibi tí òun lè lọ mọ́. Ọ̀nà ẹ̀yìn ló gbà wọlé, ó sì dé etí púlọ́ọ̀tì méjì náà.

Yẹmí sọ pé ibẹ̀ ni òun dúró sí. Ilẹ̀ tí òun mọ̀ ti di ọ̀sà. Omi ń tú jáde lẹ́nu pàìpù pẹ̀lú ariwo tó ń mi ilẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀, ó ń yí lọ́ra-lọ́ra láàárín, bí ẹni pé ọwọ́ ńlá kan ń rò ó. Kókò kò sí mọ́, ìrèké kò sí mọ́, orí ọparun nìkan ló yọ. Gbogbo ilé yí i ká, ẹnu ọ̀nà wọn gbẹ. Ó ka ibi tí ṣọ́ọ̀bù kìíní ìbá wà, ó ka èkejì, ó kà á dé ẹ̀kẹfà, gbogbo wọn ló wà ní ìsàlẹ̀ omi tó ga ju òun fúnra rẹ̀ lọ. Ó wá bi ara rẹ̀ pé bí mo bá ti kọ́ wọn, níbo ni gbogbo èyí ìbá wà nísinsìnyí? Ó wo ilé ìyá rẹ̀. Ó wo ilé Munirat. Ó bú sẹ́kún lójú àwọn ọmọ rẹ̀.

Màmá rí wọn láti ojú fèrèsé. Wọ́n jáde nínú òjò, wọ́n gba ọmọ tó wà lọ́rùn rẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ sọ ni pé, “Ẹ bọ́ aṣọ tútù yìí lára àwọn ọmọ. Ẹ̀kọ gbígbóná wà nílé.”

Nígbà tí wọ́n jẹun tán, Yẹmí wólẹ̀. Kò mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ó kàn ní, “Màmá, ṣọ́ọ̀bù mi dà?”

Màmá ní, “Ó wà níbẹ̀. Omi ló háyà ẹ̀.”

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́. Láti ọjọ́ náà, wọn kò mẹ́nu kan ìjà náà mọ́. Ọjọ́ méjì ni omi fi wà lórí ilẹ̀ yẹn. Ní ọjọ́ kẹta, ó ti rọra bá ilẹ̀ lọ, kókò sì tún gbérí.

Yẹmí kọ́ iṣẹ́ dída pàìpù kọ́ńkéré, èyí tó ń ṣe títí di òní. Àwọn ará àdúgbò mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í wá láti Agége àti Ìfàkọ̀ láti wo ilẹ̀ Màmá. Wọn kì í kọ́kọ́ gbà pé kò sí ẹ̀rọ kankan níbẹ̀. Mẹ́ta nínú wọn padà lọ wá ibi tí omi tiwọn ń sùn, wọ́n sì fi í sílẹ̀ fún un.

Ìdánwò kan ṣì kù. Ní ọdún 1993, ìwé kan dé láti ọ́fíìsì kan pé ilẹ̀ tí kò bá ní ilé lórí, wọn yóò gbà á fún ẹni tó lè kọ́ nǹkan sí i. A gbọ́ pé ẹnì kan tó ní ẹbí nínú iṣẹ́ ológun ló fẹ́ fi yanrìn dí i. Ẹ ó rántí àsìkò náà, kò sí epo, kò sí ọkọ̀, ìlú ń gbóná. Màmá wọ bàtà rọ́bà, wọ́n fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí Aláúsá. Ìgbà mọ́kànlá ni wọ́n lọ, láàárín ọdún méjì. Nígbà kẹsàn-án, akọ̀wé kan dìde fún wọn ní àga, ó bi wọ́n pé, “Màmá, kí lẹ kọ́ sórí ilẹ̀ náà gan-an?”

“Mi ò kọ́ nǹkan kan.”

“Kí lẹ wá fẹ́ kí n kọ síbí?”

Màmá ní, “Kọ ọ́ pé ilé mọ́kànlélógójì ló dúró nítorí ẹ̀. Bí o bá rò pé mò ń purọ́, dìde ká jọ lọ kà wọ́n.”

Akọ̀wé náà wá lóòótọ́. Ó kà wọ́n. Ẹnjiníà Ùsmán kọ lẹ́tà mọ́ ọn, Alhaji Suara àti gbogbo onílé tẹ̀ka sí i. Ní ọdún 1995, wọ́n fi ilẹ̀ náà sínú àwòrán ìlú gẹ́gẹ́ bí ibi ìsinmi omi, tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ́lé sí. Màmá gba ẹ̀dà ìwé náà, wọ́n kà á sókè fún wa ní ọ̀rọ̀ Yorùbá bí wọ́n ti gbọ́ ọ, wọ́n ṣẹ́ ẹ pọ̀ sínú Bíbélì wọn.

Ní ti ìgbàgbọ́, Màmá bá ọkọ wọn wọ ìjọ Aládùúrà wa, wọ́n sì jẹ́ Ìyá Ìjọ níbẹ̀ láti ọdún 1982. Agbàdúrà ni wọ́n, aláàánú ni wọ́n, wọn kì í sì í jẹ́ kí oṣù ààwẹ̀ kọjá kí wọ́n má fi oúnjẹ ìṣínu ránṣẹ́ sí àwọn ẹbí wọn ní Ẹ̀pẹ́. Ṣùgbọ́n ẹnu wọn kò ní ìdérí bí ọ̀rọ̀ bá kan omi. Nígbà tí ìjọ fẹ́ fa odi gbọ̀ngàn jáde sórí gọ́tà, Màmá ló dìde nínú ìpàdé, wọ́n ní Ọlọ́run tó dá omi kò sọ fún àwọn pé òun fẹ́ kí wọ́n jókòó lé e lórí. Pásítọ̀ fa odi náà sẹ́yìn.

Àìsàn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe Màmá ní ìparí ọdún 1997. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Kejì ọdún 1998, láàárọ̀, wọ́n ní kí Ọpẹ́fẹ̀yìtìmí, àbígbẹ̀yìn wọn, gbé àwọn jókòó. Wọ́n gbàdúrà fún ọmọ kọ̀ọ̀kan lórúkọ. Wọ́n bi Yẹmí bóyá ó ti kó ewé kúrò lẹ́nu pàìpù. Ó ní òun ti kó o. Wọ́n ní, “Ó dáa.” Wọ́n fẹ̀yìn ti ìrọ̀rí, ẹ̀mí sì bọ́ láìjà, láìta. Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin ni wọ́n.

Àwọn tí wọ́n gbẹ̀yìn Màmá ni ẹ̀gbọ́n wọn, Alhaja Àlímọ̀ Òṣínọ́wọ̀ ti Ẹ̀pẹ́. Àwọn ọmọ wọn, Ọ̀gbẹ́ni Yẹmí Job, Ìyáàfin Olúfọlákẹ́ Ṣóbándé, Ọ̀gbẹ́ni Olúwalóṣèyí Job àti Ọmọ́bìnrin Ọpẹ́fẹ̀yìtìmí Job. Àwọn aya ọmọ àti àna. Pẹ̀lú ọmọ-ọmọ mẹ́sàn-án.

Ibẹ̀ ló yẹ kí á parí sí. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kẹta tí Màmá kú, Alhaji Suara kó àwọn onílé méjìlá wá, wọ́n ní ẹ̀bẹ̀ kan wà. Ó ní, “A ò ní kẹ́ ẹ kọ orúkọ àwa àgbà síbẹ̀. Àwọn ọmọ tí wọ́n ń sùn sórí ibùsùn gbígbẹ ládùúgbò yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà wọ́n mọ́ ọmọ-ọmọ Màmá.” Ẹbí gbà. Olúwalóṣèyí mú ìwé àti bírò, ó ń lọ láti ilé dé ilé, mùsùlùmí àti onígbàgbọ́, ayálégbé àti onílé. Ó ti kọ orúkọ mẹ́tàlélọ́gọ́jọ nígbà tí a fẹ́ kó ìwé yìí lọ fún àwọn atẹ̀wé. Ó padà délé, ó gbọ́ igbe ọmọ tuntun ní ilé kẹsàn-án. A bi ara wa bóyá kí a dúró de ọjọ́ ìsọmọlórúkọ. A rí i pé bí a bá dúró, òmíràn yóò tún dé. Nítorí náà, a fi kíkà náà sílẹ̀ láìparí.

Ojúọlápé, ọmọ Òṣínọ́wọ̀, aya Job, ìyá Yẹmí, ìyá gbogbo wa. Ẹsẹ̀ yín ti kúrò nínú ẹrẹ̀. Kí Olúwa tẹ́ ẹní ìtura sílẹ̀ fún yín, kí ó sì dá àdúrà yín lóhùn lórí gbogbo ọmọ tí ẹ fi sílẹ̀. Ẹ rọra fẹ̀yìn lélẹ̀, Màmá. Ẹ sinmi. Ó dàárọ̀ o.